Mítà Tí Kò Sí Lára Ọkọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó yáa rín in tán kí á tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àlọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó mu ẹmu yó. Àwọn tó wà ní gáréèjì Challenge n'Ìbàdàn lọ́dún 1984 wà níbẹ̀, ó ṣojú wọn. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè lónìí, wọn á ní àwọn ò rántí. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Wọ́n rántí dáadáa.

Ọdún yẹn ni sójà ní kí gbogbo wa máa tò. À ń tò síbi ọkọ̀, à ń tò síbi mílíìkì, à ń tò síbi ọṣẹ. Inú ń bí gbogbo èèyàn. Àmọ́ kò sẹ́ni tí inú ń bí tó Mọ́ṣúdù rẹwáyà.

Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni Mọ́ṣúdù ń ṣe, nínú ìsọ̀ páànù kan tó kọjú sí ibi tí ọkọ̀ Èkó ti ń gbéra. Ṣùgbọ́n mítà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù. Mítà tí à ń wí ni èyí tó wà níwájú dírẹ́bà, tó ń sọ iye eré tí ọkọ̀ ń sá. Ojú mítà, ọwọ́ mítà, bẹ́ẹ̀ là ń pè é. Àwa fúnra wa la fún un lójú, àwa la fún un lọ́wọ́, a ò sì bi ara wa léèrè ohun tó máa fi wọ́n ṣe.

Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ wá pé mítà rẹ̀ ń ṣe ségesège, Mọ́ṣúdù á wa ọkọ̀ náà lọ sójú títì Èkó, níbi tí òkúta kìlómítà wà létí ọ̀nà. Á mú ọwọ́ mítà dúró sórí ọgọ́ta, á wá máa wo aago ọwọ́ rẹ̀. Tí mítà bá ń sọ òótọ́, láti òkúta kan dé èkejì gbọ́dọ̀ gba ìṣẹ́jú kan géérégé. Tó bá lé ní ìṣẹ́jú kan díẹ̀, kò sọ pé ó burú.

"Mítà tí òyìnbó ṣe máa ń bù lé e," ohun tó máa ń wí nìyẹn. "Ó ń dẹ́rù bà ọ́ kí o lè délé ni. Èyí tó bá ń bù kù, ọ̀tá ẹni nìyẹn."

Ó mọ iṣẹ́. Ìbínú rẹ̀ ni kò dáa. Ó bá oníbúrẹ́dì jà torí pé búrẹ́dì fúyẹ́. Ó bá lèmọ́mù jà torí pé wáàsí gùn. Ó ti bá rédíò ara rẹ̀ jà rí: ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀, ó tún un ṣe, ó tún sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ní Òkè-Àdó tó ń gbé, àwọn ará ilé kì í yọjú mọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ohùn rẹ̀. "Mọ́ṣúdù ló ń jà," wọ́n á ní, wọ́n á sì máa bá oúnjẹ wọn lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Gbádérọ̀ wọlé. Òun ni alága gáréèjì. Ó ní Pijó mẹ́rin tó ń ná Èkó, ìkáwọ́ rẹ̀ sì ni ilẹ̀ tí ìsọ̀ Mọ́ṣúdù wà. Pijó 504 funfun kan dúró síta, èyí tó gùn lẹ́yìn, tó ń gbé èrò méje. Wándé, dírẹ́bà rẹ̀, jókòó sínú ọkọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀.

"Mọ́ṣúdù."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán."

"Èrò ń yọ mí lẹ́nu."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Ojú mítà ni wọ́n ń wò. Obìnrin kan jókòó síwájú lánàá, tíṣà ni. Ó ní ogóje ni Wándé wà. Ó figbe ta. Gbogbo èrò bá a figbe ta. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Ògèrè, wọ́n fẹ́ lu ọmọ ọlọ́mọ pa."

"Ṣé ogóje ló wà lóòótọ́?"

Gbádérọ̀ wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Ìwọ náà ti di tíṣà? Bá mi bá mítà yẹn sọ̀rọ̀. Ní kó rọra."

"Mítà kọ́ ló yẹ kó rọra, Ẹ̀gbọ́n. Wándé ni."

"Mo ní mítà."

"N ò ṣe é. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì."

Gbádérọ̀ kò bínú. Ó gbójú sókè, ó wo páànù orí ìsọ̀ náà láti igun dé igun. Ó rọra fọwọ́ kan òpó kan, ó mì í wò. "Ẹnì kan ti ń bi mí léèrè ilẹ̀ ibí yìí láti oṣù tó kọjá," ó ní. "Mo sọ fún un pé Mọ́ṣúdù wà níbẹ̀, èèyàn mi ni."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ẹni tó ń léni lọ, tó ń rẹ́rìn-ín síni. Ara Mọ́ṣúdù gbóná, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́ta, ìsọ̀ náà ló sì ti ń jẹun láti ọdún mọ́kànlá. Ó mú skùdíráfà.

Ó ṣe é. Ó ń ṣe é, ó ń ṣépè. Kò fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ba mítà tó dáa jẹ́, nítorí náà ó tú ti inú Pijó náà jáde pátá, ó wá mú òmíràn tó yọ lára ọkọ̀ tó ti bàjẹ́. Irin tín-ín-rín kan wà nínú mítà tó máa ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó fún irin yẹn le, ó tún fún un le sí i. Ogóje di àádọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún di ọgọ́ta ó lé díẹ̀. Ó dè é mọ́ ọkọ̀, Wándé sì wà á lọ. Èyí tó ń sọ òótọ́ ṣẹ́ kù sọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e kọ́ sára ìṣó lára ògiri.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn aago kan ọ̀sán, gáréèjì dákẹ́. Àwọn kan lọ kírun, àwọn kan sùn sábẹ́ igi. Oòrùn wà lórí páànù, páànù ń dún tá, tá. Mọ́ṣúdù ti kírun tirẹ̀ dé, torí ó tún ti bínú kúrò lẹ́yìn lèmọ́mù. Ó jókòó, ó ń tú dínámò kan palẹ̀.

Ó gbọ́ ohùn kan.

Ohùn tín-ín-rín ni, bí ìgbà tí èèyàn bá ń payín keke lójú oorun. Ó dáwọ́ dúró. Ohùn náà kò dáwọ́ dúró. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan. Ó wo abẹ́ tábìlì. Kò sí nǹkan. Ó wá wo ògiri.

Ọwọ́ mítà tó wà lára ìṣó ti kúrò lórí òdo. Ó wà lórí ọgọ́rùn-ún.

"Ta ló ń bá mi ṣeré níbí?" Mọ́ṣúdù ní.

Ó gbé mítà náà kúrò lára ìṣó. Ó gbóná. Ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ihò tí wáyà ọkọ̀ máa ń wọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ṣófo. Ó ti ìka bọ inú ihò náà. Irin inú rẹ̀ ń yí. Ó ń yí lábẹ́ ìka rẹ̀, kíá, kíá, kíá. Ó yọ ìka rẹ̀ bí ẹni tí iná jó.

Ọwọ́ mítà náà gun ọgọ́fà. Ó gun ogóje. Àwọn nọ́ńbà kéékèèké tó ń ka kìlómítà ń yí lọ nísàlẹ̀, ọ̀kan ń ti èkejì. Mọ́ṣúdù dúró gbagidi. Nígbà tó yá, ọwọ́ náà rọra wálẹ̀, ó dé òdo, ó dúró. Ìsọ̀ dákẹ́ lọ kánrin. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ó tún gbéra.

Nígbà tí Wándé dé láti Èkó lọ́jọ́ náà, Mọ́ṣúdù ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Wándé, wá."

"Bọ̀dá Mọ́ṣúdù, ẹ kú iṣẹ́."

"O dúró lọ́nà lọ́sàn-án."

"Ẹ̀n?"

"O dúró. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí lo dúró ṣe?"

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Wándé. "Táyà ló jò, mo pààrọ̀ ẹ̀. Ta ló sọ fún yín?"

"Kí o tó dúró, eré mélòó lò ń sá?"

"Mítà ní àádọ́rùn-ún..."

"Má dárúkọ mítà fún mi! Èmi ni mo ṣe mítà yẹn! Ogóje lò ń sá, ìwọ ọmọ yìí! Ogóje, pẹ̀lú táyà tó ń jò!"

"Ẹ ò sí níbẹ̀."

"N ò sí níbẹ̀."

Wándé wo ilẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́," ó ní. "Èmi fúnra mi ò mọ eré tí mò ń sá mọ́. Tí mo bá wojú mítà, á ní ọgọ́ta, á dà bíi pé mò ń fi ọjọ́ ṣòfò, mo tún máa tẹ̀ ẹ́. Èrò ń sùn. Kò sẹ́ni tó ń pariwo. Ẹ̀rù ti wá ń bà mí nítorí pé ẹ̀rù ò bà mí mọ́."

Inú bí Mọ́ṣúdù sí Wándé, inú bí i sí Gbádérọ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ gan-an ni inú bí i sí jù.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó gbé mítà lọ bá Gbádérọ̀ nínú ọ́fíìsì gáréèjì. Ọkọ̀ ti gbéra nígbà yẹn. Ó gbé e lé tábìlì níwájú rẹ̀. Ọwọ́ mítà wà lórí ọgọ́fà, ó ń gbọ̀n. Gbádérọ̀ rí i. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò rí i, torí pé tíì tó ń mu dúró lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

"Atẹ́gùn ni," ó ní.

"Atẹ́gùn wo, nínú ilé? Ẹ jẹ́ kí n dá èyí padà sínú ọkọ̀ yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́. Nǹkan kan ń bọ̀."

"O ò ní dá nǹkan kan padà."

"Mo máa sọ fún èrò!"

"Sọ fún wọn." Gbádérọ̀ tún gbé ife tíì rẹ̀. "Dúró sẹ́nu ìlà, kí o pariwo pé mítà ọkọ̀ yìí ń parọ́. Wọ́n á bi ọ́ pé ta ló ṣe é. Kí lo máa wí?"

Ẹ wo ìkà èèyàn. Ó mọ ibi tó ń dunni, ibẹ̀ gan-an ló tẹ̀. Mọ́ṣúdù gbé mítà rẹ̀, ó jáde. Ó ta bẹ́ńṣì kan nípàá lẹ́nu ọ̀nà, bẹ́ńṣì yí gbiri. Àwọn àgbèrò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Mọ́ṣúdù tún ti dé.

Ó délé lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ìbínú yẹn. Àmúdàtù ìyàwó rẹ̀ ń di ẹrù Zùwáírátù, àkọ́bí wọn, tí wọ́n gbà sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì l'Ékòó. Ọjọ́ Ajé ló máa lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, òun sì ni ẹnì kan ṣoṣo nínú ayé tó lè fi Mọ́ṣúdù ṣe yẹ̀yẹ́ kó má gba ìgbátí.

"Ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ Gbádérọ̀!" Mọ́ṣúdù ní. "Ẹnikẹ́ni!"

"Kí ló tún ṣe?" Àmúdàtù bi í.

"Mo ní ẹnikẹ́ni!"

"Bàbá Zùwáírá, ẹ ò tíì sọ ohun tó ṣe."

Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wá sórí ahọ́n rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Báwo ni yóò ṣe sọ ọ́ lójú ọmọ rẹ̀ pé òun, Mọ́ṣúdù tí kì í gba ìgbàkugbà, ni wọ́n fi páànù halẹ̀ mọ́ tó fi ṣe irọ́ síwájú èrò méje? Kò lè sọ ọ́. Ó pariwo dípò rẹ̀. Ó pariwo lórí ilẹ̀ tí wọn ò gbá, ó pariwo lórí omi tí kò sí nínú àmù.

"Bàbá, ìyẹn di ẹni mélòó lọ́sẹ̀ yìí?" Zùwáírátù ń ka ìka. "Oníbúrẹ́dì, lèmọ́mù, ẹlẹ́ran, ó wá kan alága gáréèjì. Ó ku gómìnà o!"

Àmúdàtù bú sẹ́rìn-ín. Mọ́ṣúdù náà rẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ṣàdúà fún ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó sì lọ sí Ṣàngó lọ ra wáyà tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Ìlà gùn níbẹ̀ náà. Aago mẹ́wàá ti kọjá kó tó dé Challenge. Ó bá Àmúdàtù tó jókòó sórí àga inú ìsọ̀, abọ́ oúnjẹ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn.

"Ó ti lọ o," Àmúdàtù ní. "Alága gáréèjì ṣe wá lóore, ẹ má bínú mọ́ sí baba yẹn. Ìlà yẹn gùn dé títì, sójà ń fi kòbókò na àwọn tó bá yà kúrò lórí ìlà. Ó rí wa, ó ní, 'Ṣé ọmọ Mọ́ṣúdù nìyí?' Ó yọ ọ́ láàárín èrò, ó gbé e síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà."

"Ọkọ̀ wo?"

"Pijó funfun."

Wáyà bọ́ lọ́wọ́ Mọ́ṣúdù. Kò wo ìyàwó rẹ̀. Ògiri ló wò. Ọwọ́ mítà wà lórí ọgọ́rùn-ún, ó ń lọ sókè.

"Kí nìyẹn?" Àmúdàtù ní. "Kí ló ń mú un rìn?"

"Mo ní ẹ má wọ̀ ọ́!" Ohùn Mọ́ṣúdù kọ́kọ́ kéré, ó wá la páànù. "Mo ní ẹ má wọ ọkọ̀ Gbádérọ̀! Etí yín di ni? Ẹran ni yín ni?"

"Ẹ ò sọ ìdí!"

"Eré tí ọkọ̀ yẹn ń sá nìyí! Èyí ni òótọ́! Èyí tó wà níwájú Zùwáírá, irọ́ ni! Èmi ni mo ṣe é, èmi, èmi ni mo ṣe irọ́ yẹn!"

Àmúdàtù dìde díẹ̀ díẹ̀. Ojú rẹ̀ kò sí lára mítà mọ́, ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ pariwo lórí búrẹ́dì," ó ní. Kò gbé ohùn sókè rárá. "Láti ogún ọdún tí mo ti wà nílé yín, ẹ ń pariwo. Ẹ pariwo lórí iyọ̀. Ẹ pariwo lórí òjò. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún mi, ẹyọ kan ṣoṣo yìí, ẹ ò sọ ọ́. Ọlọ́run máa bi yín o. Ọlọ́run máa bi yín."

Ogóje. Ọwọ́ mítà kò dúró níbẹ̀. Ohùn tín-ín-rín yẹn tún bẹ̀rẹ̀, ó ń ga sí i. Mọ́ṣúdù fa mítà ya kúrò lára ìṣó, ó fi òòlù fọ́ dígí ojú rẹ̀, ó fi ìka méjì mú ọwọ́ mítà náà, ó ń fà á wálẹ̀.

Ohun tó fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ni. Àmọ́ ó lágbára. Ó ń bá a jà. Mọ́ṣúdù sọ lẹ́yìn náà pé kò yàtọ̀ sí ìgbà téèyàn bá di ọrùn ọwọ́ ẹlòmíì mú, tí onítọ̀hún kò sì fẹ́ dúró. Ó fà á dé ọgọ́fà. Ó fà á dé ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ ń ro láti ìka rẹ̀. "Rọra," ó ń wí, "rọra, rọra, Wándé, mo bẹ̀ ọ́, rọra." Ó dé ọgọ́rin. Ó dì í mú síbẹ̀, apá rẹ̀ ń gbọ̀n dé èjìká.

Ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó kọjá ọgọ́jọ, ó kọjá ọgọ́sàn-án, ó dé ibi tí nọ́ńbà parí sí. Ohùn náà dákẹ́. Ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu. Ọwọ́ mítà wá padà sórí ogóje, ó dúró síbẹ̀ ṣinṣin. Kò gbọ̀n mọ́. Nísàlẹ̀, àwọn nọ́ńbà kéékèèké ń ka kìlómítà lọ.

Ọkọ̀ náà kò dé Èkó.

Wọ́n wá a. Gbádérọ̀ wá a, ọlọ́pàá wá a, àwọn dírẹ́bà Challenge wá a ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì. Àwọn tó wà ní Tóògéètì Ìbàdàn rí i nígbà tó kọjá. Àwọn ti Tóògéètì Èkó kò rí i. Dírẹ́bà kan ní ó ya òun sílẹ̀ lẹ́yìn Ògèrè, eré náà kọjá sísọ. Ó ní òun rí ọmọbìnrin tó jókòó síwájú. Ó ní ojú mítà lọmọ náà ń wò, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó rí wọn. Kò sí igbó tó fọ́, kò sí dígí lójú títì, kò sí àmì táyà. Èrò méje àti dírẹ́bà kan. Wọn ò rí bàtà ẹnì kan.

Mítà wà lára ìṣó. Ogóje ló wà, lọ́sàn-án, lóru. Lọ́jọ́ kìíní, ó ka kìlómítà tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, epo tó wà nínú ọkọ̀ náà kò sì ju èyí tó lè dé Èkó kó padà lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, tíṣà kan tó wà nínú àwọn ẹbí èrò fi bírò ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́. Ó ní bó bá jẹ́ pé ojú títì kan wà tó gba gbogbo ayé, wọ́n ti yí ayé po lẹ́ẹ̀kan. Kò padà wá síbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àmúdàtù kò kúrò nínú ìsọ̀. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú ògiri. Kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá kírun tán, á jókòó, á máa wo ọwọ́ mítà.

Gbádérọ̀ wá lọ́jọ́ kẹrìnlá. Ó ti rù. Èrò kò wọ ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, àwọn dírẹ́bà rẹ̀ sì ti kó kọ́kọ́rọ́ fún un. Ó mú irin kan dání.

"Mọ́ṣúdù, jẹ́ ká fọ́ ọ," ó ní. "Nǹkan burúkú ni. Tí a bá fọ́ ọ, bóyá á jẹ́ ká rí òkú wọn sin."

Ó gbé irin sókè. Kó tó sọ ọ́ lu mítà, Mọ́ṣúdù ti di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó ti kàn án mọ́ páànù.

"Bó o bá fọwọ́ kàn án, mo máa pa ọ́!"

Gbogbo àwọn tó wà níta gbọ́ ọ. Mọ́ṣúdù tí kì í pe alága gáréèjì ní nǹkan kan àfi "ẹ", tó ń kí i ní "Ẹ̀gbọ́n" kódà tí inú bá ń bí i, ló ń pè é ní "o" láàárín ọjà. Kò sẹ́ni tó bá a wí.

"Òkú ta ni?" Mọ́ṣúdù ń wí. Itọ́ ń ta sójú Gbádérọ̀. "Òkú ta lo fẹ́ sin? Bí ọwọ́ yìí bá wà lókè, ọkọ̀ wà lójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá wà lójú ọ̀nà, ọmọ mi wà níwájú, ó jókòó, ó ń mí. Ọjọ́ tó bá dé òdo, wọ́n ti dúró nìyẹn. Ibo ni wọ́n dúró sí? Kí ló dá wọn dúró? Dá mi lóhùn, alága! Dá mi lóhùn!"

Wọ́n já a gbà.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ kejìdínlógún. Oòrùn mú. Àmúdàtù jókòó sórí ẹní, Mọ́ṣúdù jókòó sórí àga.

Ọwọ́ mítà mira.

Ó kúrò lórí ogóje. Ó dé àádóje. Kò já wálẹ̀. Ó ń sọ̀ jẹ́jẹ́, bíi ti dírẹ́bà tó ti rí ibi tó ń lọ lókèèrè. Ọgọ́fà. Ọgọ́rùn-ún.

"Wọ́n ń bọ̀," Àmúdàtù ní. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Ó dìde, gèlè rẹ̀ bọ́, kò mú un. "Bàbá Zùwáírá, wọ́n ń bọ̀ o! Wọ́n ń wọ gáréèjì!" Ó sáré jáde sí títì, orí rẹ̀ lásán.

Mọ́ṣúdù kò lè sáré. Ó dúró níwájú ògiri. Ọgọ́rin. Ọgọ́ta.

"Ta ló ní kó o dúró?" ó ní. "Wándé! Ta ló ní kó o dúró? Tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́, ọmọ aláìníláárí! Sáré!"

Ogójì.

"Zùwáírá, sọ fún un kó sáré! Ẹ má dúró! Mo ní ẹ má dúró níbẹ̀!"

Níta, gáréèjì ti dákẹ́. Àwọn àgbèrò kò pe Èkó mọ́, ẹnjíìnì kan kò dún. Ọwọ́ mítà dé ọgbọ̀n. Ó dé ogún, eré tí ọkọ̀ fi ń rọra wọ gáréèjì, tó sì tún jẹ́ eré ọkọ̀ tí epo tán nínú rẹ̀, tó ń yí lọ lásán.

Àmúdàtù kígbe níta. Ó kígbe orúkọ ọmọ wọn lẹ́ẹ̀kan. Mọ́ṣúdù tẹ́tí, kò sì mọ̀ bóyá igbe ẹni tó rí ọmọ rẹ̀ ni, tàbí igbe ẹni tó rí nǹkan mìíràn.

"Bàbá Zùwáírá! Ẹ jáde wá o!"

Kò jáde. Ó fi ìka rẹ̀ tó ti jinná sábẹ́ ọwọ́ mítà náà, lórí ogún, ó gbé e ró. Ó wúwo. Ọwọ́ mítà ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òun náà ń tì í sókè.